Ẹyin Tó Pẹ́ Kó Tó Pa: Má Kánjú, Má sì Ṣe Agídí

Lónìí, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, mi ò sì fẹ́ bá olóṣèlú kankan jà. Ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo gbé wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé lẹ́yìn ìlú Padova ló pè mí ní alẹ́ Sátidé kan, aago mọ́kànlá ti lù. Ohùn ẹkún ló fi kí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹyin mi ò pa o! Ọjọ́ 21 ti pé láàárọ̀ yìí. Mẹ́ta ti dá ihò lu, kò sí èyí tó jáde. Ṣé kí n bá wọn fọ́ ọ?" Ẹyin adìẹ Padovana ni, adìẹ olóṣùṣù ìyẹ́ lórí tí wọ́n fi ìlú náà sọ lórúkọ. Adìẹ yìí kì í fẹ́ sàba, ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi ra ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin. Ẹyin 12 ló kó sínú rẹ̀, owó gidi ló sì fi rà wọ́n.

Mo bi í pé, "Ìgbà wo lo rí ihò àkọ́kọ́?" Ó ní, "Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́." Mo ní, "Ó dáa. Lọ sùn." Inú bí i. Ó ní ẹnjiníà ò láàánú. Bóyá òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tèmi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ pa ẹyin níbí, mo ti gba ìwé ẹ̀rí gíga kejì nínú iṣẹ́ ẹnjiníà, mo sì rò pé kò sí ẹ̀rọ tó lè fojú dí mi. Ẹyin kan dá ihò lu láàárọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó dákẹ́. Àánú ṣe mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọmọ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú pupa ẹyin tó ṣì ń rọ̀ nídìí ìdodo rẹ̀. Kò lo wákàtí kan tó fi kú. Mo wá búra pé mi ò ní fọwọ́ kan ẹyin mọ́ láé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òmíràn dá ihò lu, ó ké fún odindi ọjọ́ méjì, mo káwọ́ lẹ́yìn. Òun náà kú. Ìkánjú ló pa ti àkọ́kọ́, agídí ló pa èkejì, èmi yìí kan náà ni mo sì ṣe méjèèjì.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyin gan-an? Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò, bí ooru ẹ̀rọ bá dúró ní nǹkan bí 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ọ̀pọ̀ jù nínú ọjọ́ wọ̀nyí, òròmọdìẹ kì í fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Awọ kan tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ló tẹ́ sábẹ́ èèpo. Afẹ́fẹ́ á gba àwọn ihò tíntìntín ara èèpo wọlé, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e kiri. Tó bá ku bí ọjọ́ kan tàbí méjì, ọmọ á fi àgógó gún awọ inú, á bọ́ sí àlàfo afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí ẹyin tó fẹ̀, ibẹ̀ lá ti kọ́kọ́ fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Ìgbà yẹn lẹ máa ń gbọ́ tó ń ké láti inú. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, ló fi máa ń lo eyín kékeré orí àgógó rẹ̀ láti dá èèpo lu.

Lẹ́yìn náà á wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ń kó wa láyà jẹ. A máa rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Rárá o, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ara awọ yẹn padà sínú ara rẹ̀, ó sì ń fa pupa ẹyin tó kù wọ ikùn, èyí tó máa jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìsinmi yìí máa ń gbà tó wákàtí 12 sí 24. Lẹ́yìn ẹ̀ ló máa yí ara rẹ̀ po, tó máa gé èèpo yíká bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí agolo.

Ẹ ò gbọdọ̀ rò pé ìmọ̀ àná lèyí. Ní Bologna, Ulisse Aldrovandi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ẹyẹ pé òun ń fọ́ ẹyin kan lójoojúmọ́ lábẹ́ adìẹ tó sàba, kí òun lè rí bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ní Padova níbí, Girolamo Fabrici tó ń kọ́ni ní yunifásítì náà kọ odindi ìwé lórí bí ẹyin àti òròmọdìẹ ṣe ń di ohun tí wọ́n dà. Ọdún 1619 ló kú, wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní 1621. Àwọn yẹn fọ́ ẹyin kí wọ́n lè mọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ tó wà nínú rẹ̀ máa kú. Àwa tá a ń fọ́ ọ kó má bàa kú, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà.

Ní Torino, ẹ̀gbọ́n wa kan máa ń sọ pé, "Èyí tí kò bá lè dá jáde, kó kú. Ìran aláìlera ni." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ṣófo. Lóòótọ́, òmíràn ò lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀, tá a bá tiẹ̀ yọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wọ́, tàbí kó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tá a bá ràn lọ́wọ́, ẹ so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹ má fi ṣe ìyá àti bàbá ìran tó ń bọ̀. Àmọ́ ìbéèrè tèmi ni pé: ta ló jẹ̀bi? Adìẹ tó sàba kì í dìde kiri lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Àwa ńkọ́? A máa ń ṣí ìdérí ẹ̀rọ wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Gbogbo ìgbà tá a bá ṣí i, ọ̀rinrin tó yẹ kó wà ní nǹkan bí ìdá 65 sí 70 nínú 100 á fò lọ, awọ inú ẹyin á gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ọmọ lára bí ọ̀rá, kò ní lè yí mọ́. Ṣé àìlera tiẹ̀ nìyẹn?

Ti iná náà wà ńbẹ̀. A máa ń bú àwọn oníná nílé, àmọ́ níbí, mítà ọ̀pọ̀ ilé ò ju kílówáàtì 3 lọ. Ẹ tan ààrò, ẹ tan ẹ̀rọ ìfọṣọ, pàá! ó ti jábọ́. Bí ẹ ò bá sí nílé, ẹyin á tutù, ọjọ́ á sún síwájú. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ẹyin ti pẹ́, ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ fojú ẹ̀ rí.

Ohun tí mo rò rèé. Wákàtí ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má fi ìbẹ̀rù kà á. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ àkókò ihò àkọ́kọ́ sórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kó tó pé wákàtí 24, ẹ káwọ́ kúrò, àyàfi bí awọ bá ti gbẹ, tó ti pọ́n bí ewé sìgá, tàbí tí ọmọ ti gé èèpo dé àárín tó wá dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ihò bá wà ní ìdí ṣóńṣó, ẹ máa ṣọ́ ọ dáadáa, torí àlàfo afẹ́fẹ́ ò sí níbẹ̀. Tí àkókò bá tó, ẹ fọwọ́, ẹ fi òwú tó rin sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pa awọ náà, ẹ má jẹ́ kómi wọ imú rẹ̀. Ẹ ṣí èèpo díẹ̀ láti ojú ihò. Bẹ́ ẹ bá rí iṣan pupa, ẹ dúró! Ẹ dá a padà sínú ẹ̀rọ fún wákàtí bíi mélòó kan. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, ẹ tú orí àti àgógó sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìdajì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó fẹsẹ̀ ta á kúrò fúnra rẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Padova? Méjì ti jáde kílẹ̀ ọjọ́ Sunday tó mọ́. Ẹ̀kẹta ò kúrò lójú kan títí di aago mẹ́jọ alẹ́, ìyẹn wákàtí 28, awọ rẹ̀ sì ti pọ́n. Mo ní, "Ìgbà mélòó lo ṣí ìdérí?" Ó dákẹ́, ó ní bí ìgbà mẹ́sàn-án. Mo ní, "Gbèsè ẹ nìyẹn. Mú òwú àti omi wá." Orí fóònù la wà títí ó fi kọjá aago mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Òròmọdìẹ náà fẹsẹ̀ ta èèpo kúrò fúnra rẹ̀, ó sùn. Ó ti ń sáré kiri báyìí pẹ̀lú òṣùṣù lórí, okùn pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹyin yín wà nínú ẹ̀rọ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìdérí yẹn dé. Ó dìgbà kan ná o.