Ẹ Ń Dá Àjọ Ọdún, Ta Ló Ń Bá Yín Dá Ti Ọjọ́ Ogbó?

Ẹ̀yin ará Ìfọ̀, ẹ̀yin ará Mowé àti Ìbàfò, mo fẹ́ bá yín wí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Aláìmọ̀ là ń kọ́. Ẹni tó mọ̀ tó kọ̀ là ń bá wí.

Bí wọ́n bá ní owó aṣọ ẹbí gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ Sátidé, Ọjọ́bọ̀ ni tiyín ti ń wọlé. Bí ẹgbẹ́ bá ní kí kálukú máa dá ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́sẹ̀ nítorí àgbò Iléyá, ẹ ó dá a títí yóò fi pé. Àjọ ìrẹsì ọdún ńkọ́? Àjọ òróró? Àjọ màlúù tí wọ́n ń pín ní Disẹ́ńbà? Òjò kì í dá a dúró, ọ̀wọ́n epo kì í dá a dúró, kódà ẹni tí onílé ń lé kiri yóò rí tirẹ̀ san. Lẹ́yìn gbogbo èyí lẹ ó wá lanu pé kò sí ohun téèyàn lè fi pamọ́ nínú ìlú tó le báyìí. Ta lẹ ń parọ́ fún? Ṣé èmi ni, àbí ara yín? Ẹ lè fi owó pamọ́. Ẹ ń fi owó pamọ́. Kí ẹ lè jẹ ẹ́ tán lẹ ṣe ń fi í pamọ́.

Ẹ dé ọjà Ìfọ̀ láàárọ̀, kí ẹ wo alájọ bó ṣe ń gba àárín àwọn oníṣòwò kọjá. Ìyá aláta rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ń tú kókó etí aṣọ rẹ̀ kí ọkùnrin náà tó dé ìsọ̀. Ó yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, owó náà ti rún, omi ata sì ti kàn án lára. Alájọ mú káàdì, ó fi bírò sàmì sójú ọjọ́ òní, ó ti kọjá sí ìsọ̀ tó kàn. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan di ti alájọ, ìyókù di ti ìyá aláta. Kò sí lọ́yà, kò sí ìwé àdéhùn. Irú iṣẹ́ yìí kan náà ni Alájọ Ṣómólú ṣe tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi ń fi orí rẹ̀ ṣàpèjúwe orí pípé, baba tí wọ́n ní ó ta mọ́tò mẹ́ta, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ẹ fi í ṣẹ̀fẹ̀ tó bá wù yín. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yẹn. Ẹni tó bá ń fi ₦500 sílẹ̀ lójoojúmọ́ yóò ní ₦182,500 lọ́dún. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 25, tí kò yẹ̀ títí tó fi pé 60, owó náà á ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, a ò tí ì sọ ti èlé. Ẹni tó dúró di ẹni ọdún 45 kó tó bẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ kò ní tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹni tó dúró di 55 kò ní rí mílíọ̀nù kan pàápàá. Èlé wá ńkọ́? Bí ₦100 bá ń mú ₦10 wá lọ́dọọdún, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan àtowó àtèlé, náírà kan tí ọmọ ọdún 25 fi lélẹ̀ yóò di 28 nígbà tó bá pé 60. Ti ẹni ọdún 45 yóò di mẹ́rin àti díẹ̀. Ti ẹni ọdún 55 kò ní di méjì. Owó kan náà o! Ọjọ́ tí kálukú bẹ̀rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ tó di alẹ́ kó tó fimú kan ọgbà, ìgbà wo ni yóò wọlé?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò tí ì pé 30, tí ẹ ń gun ọ̀kadà láti Ìbàfò dé Mowé, tí ẹ ń ṣe POS, tí ẹ ń ránṣọ, mo mọ ibi tí owó yín ń wọlẹ̀ sí. Ilé tẹ́tẹ́ ni. Ẹ ní ogbó ṣì jìnnà. Ṣé àwa náà kọ́ la sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín 40 sí 50, mi ò fẹ́ le mọ́ yín jù. Mo rí yín ní aago mẹ́rin ìdájí ní etí títì márosẹ̀, ẹ ń sá lé bọ́ọ̀sì kí ẹ lè dé Bẹ́gà kílẹ̀ tó mọ́. Owó ọkọ̀ ń fà yín níwájú, owó ilé-ìwé ọmọ ń fà yín lẹ́yìn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú ìyá ọ̀rẹ́ yín tí ẹ ra léèsì fún, ṣé bọ́ọ̀sì ló rà á? Àǹkárá mẹ́rin tí ẹ rà láàárín oṣù méjì, tí ẹ kò tún wọ̀ mọ́, ṣé tíṣà ló ní kí ẹ rà á?

Ìgbà tó bá wá di ọdún 55, ẹ̀rù á dé. Ẹ̀rù yẹn gan-an ló ń tì yín sọ́wọ́ gbájúẹ̀. MMM ní òun yóò fi ₦30 lé ₦100 láàárín oṣù kan. Ní Disẹ́ńbà 2016, ó tilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn, ẹkún sọ. A rò pé a ti kọ́gbọ́n. CBEX dé, ó ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì ní ọgbọ̀n ọjọ́ péré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, òun náà dákẹ́, inú sì bí àwọn kan ní Ìbàdàn débi tí wọ́n fi ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Ẹ gbà mí! Ẹni tí kò lè fi sùúrù kó owó jọ fún ọgbọ̀n ọdún ló fẹ́ kó owó ọgbọ̀n ọdún ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ṣé ogun tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó jà wá, tí a tún gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ló yẹ kó tún pa ẹlẹ́sẹ̀ méjì?

Àwọn tó rí owó àjẹmọ́nú gbà ńkọ́? Ìdajì Mowé ni mo lè fi hàn yín. Baba á fi iṣẹ́ sílẹ̀ lÉkòó, á kó gbogbo owó rẹ̀ wá sórí ilẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ á gba owó fáúndéṣọ̀n, á gba ti òrùlé, búlọ́ọ̀kù á wọ́n, sìmẹ́ńtì á wọ́n jù ú lọ. Owó á tán nígbà tí páànù ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí ilé. Ẹ yà síbẹ̀ kí ẹ wò ó: ọ̀rá ló wà lójú fèrèsé, ilé kò rẹ́, ìrin ti dípẹtà lórí òpó, baba sì jókòó síwájú ilé tó tó mílíọ̀nù mélòó kan, ó ń wá ẹgbẹ̀rún kan tí yóò fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé dára. Mi ò ní kí ẹ má kọ́lé. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ń bu búlọ́ọ̀kù jẹ ni?

Bí mo bá wí báyìí, ẹ ó ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ó sá sí. Àwọn baba wa tó pa òwe yẹn, ṣé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi dé ọjọ́ alẹ́? Àwọn tó ń gbé etí rélùwéè láti Ìfọ̀ títí dé Agége gbin obì nígbà tí agbára wà lápá wọn. Obì kì í so lọ́dún kan, kì í so lọ́dún méjì; ẹni tó gbìn ín lọ́dọ̀ọ́ mọ̀ pé agbára òun yóò ti máa dín kù kó tó di pé òun ń jẹ èrè rẹ̀ dáadáa. Rélùwéè ń gbé obì lọ sí Òkè Ọya, owó ń bọ̀ wálé, baba arúgbó ń kà á lórí ẹní. Wọ́n tún ń dá èèsú. Samuel Johnson ti ṣàlàyé èèsú sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, ó sì ti wà tipẹ́ kó tó kọ ọ́. Ọmọ tó bá gbé ẹran ìgbẹ́ wá fún baba rẹ̀, àfikún ni. Ọmọ kọ́ ni oúnjẹ. Ta ni ẹ̀yin wá fẹ́ mu ọmú rẹ̀? Ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí láti ọdún mẹ́ta tí kò ríṣẹ́? Àbí èyí tó jápa lọ sí Kánádà, tó ń san gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ojú tì mí láti sọ èyí tó kù, nítorí ìlú wa ló yẹ kó mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ Ìbógùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ níbí, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ló buwọ́ lu òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004 tó ní kí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ jọ máa dá owó náà. Òfin 2014 ló rọ́pò rẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n yọ ₦8 nínú ₦100 lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá fi ₦10 kún un. Lórí ₦77,000 tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù ní 2024, ₦13,860 nìyẹn lóṣooṣù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ìwé aládàáni, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ létí títì márosẹ̀, mélòó nínú yín ló ń san án? Ẹ ń kọ òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá sínú ìwé, ogójì ń wọlé láàárọ̀. Tíṣà á kọ́ ọmọ yín ní ogún ọdún, ẹ ó wá fún un ní kúlà àti káàdì ìdúpẹ́. Ẹ̀yin náà ń lọ sí ilé ìjọsìn.

Ìjọba pàápàá ń gba ìbáwí tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pariwo pé wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù àwọn, kò sì dé ibi tó yẹ kó dé. Bí olórí bá ń ṣe báyìí, kí ni a ó sọ fún olùdásílẹ̀ ilé-ìwé kékeré?

Àwọn tí kò ní ọ̀gá, aránṣọ, onímárúwá, aláta, àwọn náà ní tiwọn láti oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí Ààrẹ Buhari gbé ètò ìfẹ̀yìntì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jáde. Iye tó bá wù wọ́n, ìgbà tó bá wù wọ́n. Nígbà tí ètò náà jáde, 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni èèyàn lè yọ bí nǹkan bá le, 60 di ti ọjọ́ ogbó. Ṣé kò sí fóònù lọ́wọ́ yín ni? Fóònù tí ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́ náà lẹ lè fi ṣe èyí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó sọ tí n kò ní bá yín jiyàn lé lórí: náírà ń yọ́. Ní 2015, dọ́là kan kò tó ₦200 ní báǹkì. Ní 2024 ó ti ń lọ sí ₦1,500. Ẹni tó to owó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà yẹn ti rí màgòmágó ayé. Ìdí nìyẹn tí owó ogbó kò fi gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta bọ́ǹdì tí ₦5,000 péré lè rà, tí èlé rẹ̀ ń wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò lè bá ọ̀wọ́ngógó dọ́gba lọ́dún tí nǹkan bá le gan-an, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí ńkọ́, èlé mélòó ló ń mú wá?

Ẹgbẹ́ yín yóò ṣèpàdé kí oṣù yìí tó parí. Mo mọ̀ pé àjọ àgbò ló wà níwájú. Kí akọ̀wé ka orúkọ bó ṣe máa ń kà á. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti dá tirẹ̀ tán, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba pé èló ló ti dá fún ara rẹ̀ ní oṣù yìí, kó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àgbò. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun kò tí ì dá nǹkan kan.