Tí ọjà ìdókòwò bá ń mì, kí ni àkáǹtì àdáni lè ṣe fún ará Ṣómólú àti Bàrígà?

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ti ní kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ náírà sí dọ́là, ìbéèrè kan wà tí kò kúrò nílẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà: ibo ni èèyàn máa tọ́jú owó sí tí kò fi ní yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? Kí wọ́n tó ṣe ìpinnu yẹn, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 470 náírà ní báńkì. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500.

Ó dun àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú wọnú egungun. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé, yíǹkì àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ti ń wá. Ẹni tó ń fi owó pamọ́ láti ra ẹ̀rọ, kó tó pé, owó ẹ̀rọ ti sáré kọjá rẹ̀. Kò wá yani lẹ́nu tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń tẹ́tí sí iléeṣẹ́ tó ní òun máa bá a bójú tó owó nínú àkáǹtì àdáni: owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣíà tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọn ò ní pa á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì.

Ohun tó dára ni àkáǹtì àdáni. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Ó lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìjayà àwọn ẹlòmíì. Kò lè gbà á lọ́wọ́ ọjà tó ń ṣubú.

Ìkòkò kan, àbí àwo kálukú?

Ọ̀nà méjì ni iléeṣẹ́ abójútó owó sábà máa ń gbà báni dókòwò. Àkọ́kọ́ ni mutual fund. Èrò rẹpẹtẹ á dáwó sínú ìkòkò kan, ohun tí kálukú sì ní ni ìpín tirẹ̀ nínú ìkòkò náà. Ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ lè tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì ni àkáǹtì àdáni, níbi tí àwo kálukú ti wà níwájú rẹ̀. Ó lè ní òun ò fẹ́ ṣíà iléeṣẹ́ ọtí, tàbí òun ò fẹ́ owó èlé rárá, alábòójútó á sì tẹ̀lé e. Àmọ́ mílíọ̀nù púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń béèrè kí wọ́n tó ṣí i fúnni.

Ìgbà tí ọjà bá ń mì ni ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn. Tí àwọn tó jọ wà nínú ìkòkò bá já, tí wọ́n sáré wá gbowó wọn, alábòójútó lè ní láti ta ṣíà lọ́jọ́ tí ọjà burú jù kó lè rí owó san. Àwọn tó dúró ló máa jẹ nínú ìyà yẹn. Ẹni tó ní àkáǹtì àdáni bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló já, tó ní kí wọ́n tà á ní gbàǹjo, orí ara rẹ̀ ló máa bọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ Alájọ Ṣómólú

Kí owó kálukú dá dúró kì í ṣe nǹkan tuntun ní àdúgbò yìí. Alphaeus Taiwo Olunaike, ọmọ Ìsónyìn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n bí lọ́dún 1915 tó sì kú lọ́dún 2012, ni ọmọ Yorùbá mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú. Títí dòní, òun ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ẹni tí orí rẹ̀ pé, torí wọ́n ní ó gba àjọ lọ́wọ́ èrò láìkọ orúkọ sílẹ̀, síbẹ̀ kò ṣi owó ẹnìkan san fún ẹlòmíì.

Àmọ́ àjọ yàtọ̀ sí ìdókòwò. Iye tí èèyàn dá ni alájọ ń san padà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tó jẹ́ owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó àjọ kì í bí ọmọ, kì í sì í dín kù. Ọ̀wọ́ngógó ọjà ló ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Inú ọjà ni owó àkáǹtì àdáni wà ní tirẹ̀: ó lè pọ̀ sí i, ó sì lè dín kù. Bákan náà, ìwà ẹnìkan ni àjọ gbára lé. Tí àkáǹtì àdáni, àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ alábòójútó kò tó.

Ọdún 15 kì í ṣe ọjọ́ kan

Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òǹkà gbogboogbò ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà kọjá 66,000. Nígbà tí ọdún 2009 fi máa parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 20,800. Ẹni tí ṣíà rẹ̀ bá ọjà rìn, mílíọ̀nù kan rẹ̀ ti di bíi 315,000 náírà. Inú ìkòkò ni o, inú àwo ni o, ṣíà tó ṣubú ti ṣubú. Àwọn tó yáwó báńkì ra ṣíà ni tiwọn wá burú jù, torí gbèsè kò bá ọjà wálẹ̀.

Ọdún 2023 ni òǹkà náà tó padà kọjá ibi tó wà yẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́. Òótọ́ ni pé ọjà padà gbéra fún ẹni tó dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà tó bá padà kì í ṣe náírà àtijọ́ mọ́. Àmọ́ ta ló lè fi owó ẹ̀rọ tàbí owó iléèwé ọmọ dúró fún ọdún 15?

Ibi tí alábòójútó gidi ti wúlò ni pínpín owó. CBN gbé òṣùwọ̀n èlé láti ìdá 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù keje ọdún 2023 lọ sí 27.50 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Láàárín àkókò yẹn, treasury bills, ìyẹn ìwé owó tí ìjọba fi ń yáwó fún ìgbà kúkúrú, san èlé tó lé ní ìdá 20. Ẹni tó kó apá kan owó rẹ̀ síbẹ̀, kò ní láti ta ṣíà nígbà tí bùkátà bá dé.

Ojú fóònù kọ́ ni ẹ̀rí

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó kówó síbẹ̀ náà ní àkáǹtì kálukú, iye owó sì ń pọ̀ lójú fóònù lójoojúmọ́. Ìlérí wọn ni pé owó máa di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Nígbà tí ọ̀nà àtigbowó dí, inú bí àwọn èèyàn, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn. Àjọ SEC, tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, ní àwọn kò fún wọn níwèé àṣẹ.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ó yẹ kí oníbàárà wádìí lọ́dọ̀ SEC bóyá iléeṣẹ́ náà forúkọ sílẹ̀. Kó béèrè orúkọ tó máa wà lára ṣíà náà ní CSCS, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣíà lórílẹ̀-èdè yìí, àti ẹni tí owó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó san án sínú àkáǹtì ẹnìkan, kó yáa sá. Owó iṣẹ́ ńkọ́? Ìdá 2 lọ́dún lórí mílíọ̀nù 10 jẹ́ 200,000 náírà, èrè wọlé o, èrè kò wọlé o. Kó sì rántí pé àjọ NDIC, tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi pamọ́ sí báńkì títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà, kò san àdánù ṣíà fún ẹnikẹ́ni.

Fún òǹtẹ̀wé Ṣómólú tó fẹ́ ra ìwé lóṣù tó ń bọ̀, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Bàrígà tó máa pín owó nínú oṣù Kejìlá, ọjà ṣíà kọ́ ni ibi tí owó yẹn ń lọ, kódà kí àkáǹtì jẹ́ ti àdáni. Owó tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe fún bí ọdún márùn-ún sókè ni kí èèyàn máa gbé lọ bá alábòójútó. Tí kò bá sí irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, kò tíì kan àkáǹtì àdáni.