Ta Ni Yóò Jíhìn Ìjábọ́ Sunshine Stars?

Nígbà tí sáà 2024 sí 2025 Líìgì Àgbà Nàìjíríà parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, tí ó sì jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà lára àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin tó jábọ́ sí ìpele kejì, ìyẹn líìgì tí wọ́n ń pè ní Nigeria National League. Ogún ẹgbẹ́ ló ń díje nínú líìgì àgbà náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ní sáà kan; àmì mẹ́ta ni fún ẹni tó bá borí, àmì kan ni fún ẹni tó bá gbá ọ̀mì, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi yóò lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹgbẹ́ tó bá wà nísàlẹ̀ tábìlì lẹ́yìn irú ìrìn gígùn bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé èèṣì ọjọ́ kan ló ṣe òun. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ìjábọ́ náà ju ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù lọ, àti pé ohun tó yẹ kí àwọn ará Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìta-Ògbólú, Ìjù àti ìpínlẹ̀ náà lápapọ̀ máa bèèrè ni ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà ní tòótọ́, àti ẹni tó ń rí ìwé ìṣirò owó rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹgbẹ́ yìí wà ní ibi gíga. Ní ọdún 2011, ó dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Confederation Cup, ìdíje kejì tí àjọ CAF, tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà, ń ṣètò fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2012, ó tún dé ìpele kan náà nínú Champions League, tí í ṣe ìdíje tó ga jù lọ láàárín wọn. Al Ahly ti ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n pàdé, àwọn méjèèjì gbá ọ̀mì 3 sí 3 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, kí Al Ahly tó fi ayò kan ṣoṣo borí ní ìlú wọn, kí wọ́n sì tẹ̀ síwájú láti gba ife náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn yẹn tí ó yẹ kó máa dun gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́mì yẹn, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó lókìkí jù lọ nínú ìtàn Sunshine Stars, kò wáyé ní Àkúrẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá a, ní ìrìn tó ju 150 kìlómítà lọ sí Àkúrẹ́, nítorí pé pápá ìṣeré ìlú náà kò kún ojú òṣùwọ̀n tí CAF là sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ì bá wọ ọkọ̀ láti Ìta-Ògbólú tàbí Ọ̀bà-Ilé lọ wo ẹgbẹ́ wọn kò rí i, àwọn obìnrin tí ì bá ta omi àti àkàrà lẹ́bàá pápá náà kò rí owó kankan níbẹ̀, àǹfààní tó sì yẹ kí pápá ilé fún ẹgbẹ́ di ti ìlú àjòjì. Ìjọba tó ní ẹgbẹ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní pápá tó lè gbà á lálejò nínú olú-ìlú rẹ̀, ti ń múra ìjákulẹ̀ ọjọ́ iwájú sílẹ̀ ní ọdún ayọ̀ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn mẹ́rin tó jábọ́ pọ̀ ní ọdún 2025. Lobi Stars jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Benue, Akwa United jẹ́ ti Akwa Ibom, Heartland jẹ́ ti Imo, Sunshine Stars sì jẹ́ ti Oǹdó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ ni wọ́n o, nítorí pé Heartland ti gba líìgì ní ìgbà márùn-ún láyé ìgbà tó ń jẹ́ Iwuanyanwu Nationale, Akwa United sì gbà á ní ọdún 2021. Ẹgbẹ́ tó gba ife ní ọdún 2025 ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí Kúnlé Ṣónàmẹ̀ dá sílẹ̀ pẹ̀lú owó ara rẹ̀, tí òun náà ti jábọ́ ní ọdún 2017, tó sì padà gòkè. Ẹni tó bá tètè fẹ́ dájọ́ lè sọ pé kí ìjọba kàn ta Sunshine Stars, kí ọ̀rọ̀ parí, ṣùgbọ́n Rivers United tó gba líìgì ní ọdún 2022 àti Rangers tí ó gbà á ní ọdún 2024, ti ìjọba ni àwọn náà, Enyimba tó gba Champions League Áfíríkà ní ọdún 2003 àti 2004 sì dàgbà lábẹ́ ìjọba Abia. Owó ìjọba nìkan kọ́ ni àìsàn tó ń bẹ lára ẹgbẹ́ náà. Àìsàn náà ni owó tí ó ń wá nígbà tó bá wu ẹni tó wà lórí àlééfà, tí ó ń lọ nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá yí sí nǹkan mìíràn, tí ará ìlú kò sì mọ iye tó wọlé tàbí iye tó jáde. Bí àbájáde bá burú, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n sábà máa ń lé, wọ́n á mú òmíràn wá, ìfòyà kan náà nípa owó oṣù á sì bá òun náà wọ iṣẹ́. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán lẹ́ẹ̀kánná.

Ó yẹ kí a fi èyí wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù tí wọ́n sì ń gbé sáré, nínú líìgì NFL tó ní ẹgbẹ́ 32. Detroit Lions pàdánù gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 tí wọ́n gbá ní ọdún 2008, irú rẹ̀ gan-an sì bá Cleveland Browns ní ọdún 2017, síbẹ̀ kò sí èyí tó jábọ́ nínú wọn, nítorí pé líìgì náà kò ní ìpele kejì. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fún láǹfààní láti yan ọ̀dọ́ tó wù wọ́n jù lọ nínú àwọn tó ń ti yunifásítì bọ̀, nípa ètò kan tí Bert Bell, ẹni tó ni Philadelphia Eagles nígbà náà, dábàá, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1936. Owó tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè náà ń san, ọgbọọgba ni wọ́n ń pín in. Ẹgbẹ́ tó bá ṣubú níbẹ̀, ètò líìgì yóò gbé e dìde. Ẹgbẹ́ tó bá ṣubú ní Nàìjíríà yóò pàdánù àwọn tó mọṣẹ́ jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, òkìkí rẹ̀ yóò rọlẹ̀, ẹni tó ni ín nìkan ló sì kù tó lè gbé e dìde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ẹgbẹ́ fi ṣe pàtàkì ní Àkúrẹ́ ju bó ṣe ṣe pàtàkì ní Detroit lọ.

Nínú NFL yìí kan náà, ẹgbẹ́ kan wà tí ìjọba Oǹdó lè kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Green Bay jẹ́ ìlú kékeré tó ní nǹkan bí 107,000 ènìyàn, tí kò tó ìdajì Àkúrẹ́, síbẹ̀ láti ọdún 1923 ni ẹgbẹ́ Packers tó wà níbẹ̀ ti jẹ́ ti àwọn ará ìlú tó ra ìpín nínú rẹ̀, àwọn tó ní ìpín náà sì ti ju 500,000 lọ báyìí. Kò sí èrè owó kankan tí ẹnikẹ́ni ń gbà lórí ìpín rẹ̀. Ohun tí ó ń gbà ni ẹ̀tọ́ láti dìbò yan ìgbìmọ̀ alákòóso, àti pé lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ náà ń gbé ìṣirò owó rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé rí. Ní ọdún 1958, ẹyọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ni Packers borí nínú 12, wọ́n pàdánù mẹ́wàá, wọ́n sì gbá ọ̀mì nínú ọ̀kan. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba Vince Lombardi gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, nígbà tí ọdún 1967 yóò sì fi parí, ìgbà márùn-ún ni wọ́n ti gba ife líìgì lábẹ́ rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá ni Lombardi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó bá níbẹ̀ ti ní ẹni tó ni ín, tí kò lè sá lọ.

Nítorí náà, ìwé ìròyìn yìí ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Gómìnà Lucky Aiyedatiwa àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó pé kí wọ́n fi òfin sọ Sunshine Stars di ilé iṣẹ́ tó dá dúró, tí owó tirẹ̀ yóò hàn gbangba nínú àbá ìsúná ọdọọdún, tí ayẹ̀wéowówò yóò máa yẹ ìwé rẹ̀ wò, tí wọ́n yóò sì máa tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Kí wọ́n ya ìpín kan sọ́tọ̀ tí ará ìlú lè rà ní owó tí kò ga ju agbára ọlọ́jà Ọjà Ọba lọ, kí àwọn tó rà á sì ní aṣojú tí wọ́n dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ alákòóso. Iṣẹ́ orí pápá Àkúrẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí yóò parí, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Gbogbo èyí ló sì yẹ kó ṣáájú ìkéde orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun èyíkéyìí, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, kó tó tọwọ́ bọ̀wé, iye owó tó wà nílẹ̀ fún sáà náà àti ẹni tí yóò máa san án.