Gbogbo ohun tó pẹ́ kọ́ ló yẹ ká pa rẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣojú mi ní Ore, mi ò sì lè pa á mọ́ra.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ sí Benin rí mọ̀ pé Ore, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, kì í sùn. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ mọ́tò Èkó tó ń lọ sílẹ̀ Ìgbò ti ń dúró kí èrò jẹun. Bàbá kan ní ilé ìtura kékeré síbẹ̀, èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó níta tí ọkùnrin kan fi dé, tó na fóònù sókè.

"Bàbá, ẹ wo iye tẹ́ ẹ kọ síbí! Kí ló dé tẹ́ ẹ tún ń pe ìlọ́po márùn-ún?"

Owó yàrá ọdún 2015 ló rí lórí ìkànnì ilé ìtura náà. Bàbá ṣàlàyé títí, ọkùnrin yẹn bá tiẹ̀ lọ. Ni inú bá bí bàbá, ó pe ọmọ tó ń bá a tọ́jú ìkànnì: "Gbogbo nǹkan àtijọ́ tó wà níbẹ̀, pa á rẹ́ lónìí!"

Ọmọ náà ní, "Ó dáa sà. Google ò kúkú fẹ́ràn nǹkan tó ti pẹ́."

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 2023, ilé-iṣẹ́ ìròyìn CNET ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti àwọn ọdún 1990, pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìròyìn rẹ̀ àtijọ́ rẹ́, kó lè máa yọ sókè lórí Google. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn Google fúnra wọn sọ̀rọ̀ jáde pé àwọn ò ní kí ẹnikẹ́ni pa nǹkan rẹ́ tìtorí pé ó ti pẹ́. Ohun tó ti pẹ́ ṣì lè wúlò.

Bàbá yìí ní oko kòkó lọ́nà Odigbo. Mo bi í pé, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún oko kòkó ṣe, ṣé gbogbo igi tó ti dàgbà lẹ ń gé lulẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí! Ẹ̀ka gbígbẹ, àfòmọ́ àti èso tó ti dúdú ni mò ń gé. Igi tó bá ṣì ń so, kí ló dé tí n óò fi gé e?"

Ó tán! La bá ṣí Search Console, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti Google tó ń fi ojú-ewé táwọn èèyàn ń gbà wọlé han onílé. Ẹ wá wò ó o. Ojú-ewé tó ń mú àlejò wá jù ni ìtàn tí bàbá sọ nípa oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà táwọn ọmọ ogun Bíáfírà gba Benin, tí wọ́n dé Ore, táwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ sì dá wọn dúró níbẹ̀. Ìjà yẹn náà la ṣe ń sọ pé "Ó le kú, ìjà Ore" títí dòní. Ọmọ ilé-ìwé ni bàbá nígbà yẹn, ó ṣojú ẹ̀. Àwọn tó ṣojú wọn ò pọ̀ mọ́. Ká ní wọ́n ti pa á rẹ́ ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìkànnì, ohun tí kò bá tọ́ mọ́, bí owó ọjà àti nọ́ńbà fóònù, ẹ tún un kọ. Ẹ má kàn yí déètì padà kẹ́ ẹ ní ó ti di tuntun. Bí ojú-ewé mẹ́ta bá ń sọ ohun kan náà, ẹ pa wọ́n pọ̀ sójú kan, kẹ́ ẹ darí àdírẹ́sì àtijọ́ síbẹ̀, kí àlejò má baà bá ilẹ̀kùn títì. Èyí tí kò wúlò fẹ́nikẹ́ni, ẹ pa á rẹ́, àmọ́ ẹ fi ẹ̀dà pa mọ́. CNET gan-an ní àwọn fi ẹ̀dà tàwọn sílé ìpamọ́ Wayback Machine.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá tún owó yàrá kọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ìtàn ìjà Ore sílẹ̀ síbi tó wà. Tiyín ńkọ́?