Kì Í Ṣe Ojú Aládùúgbò Ló Ń Pa Ewédú Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn onílẹ̀ tí a bá níbí.

Ní àsìkò ọyẹ́ tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa mú ewédú wá sí ìpàdé. Ẹ̀yìn ilé ni ó gbìn ín sí. Ewé náà ti ràwọ̀, àmì funfun wínníwínní wà lára rẹ̀ bí ẹni pé a fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri, àwọn mìíràn ti pọ́n rúsúrúsú. Ìyá ní obìnrin Gbagyi tí ilé wọn jọ fara kanra ni ó yọjú wo ewédú òun, tí ó ní ó mà dára o, láti ọjọ́ náà ni ó sì ti ń kú. Àwọn kan ti ń mi orí. A ní kí wọ́n ṣe sùúrù. A gbọn ewé náà sórí ìwé funfun tí a fi ń kọ orúkọ àwọn tó wá sí ìpàdé. Kò pẹ́, àwọn nǹkan pupa wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìwé. Nígbà tí a tẹ̀lé ìyá dé ilé, ilá obìnrin Gbagyi náà ti rí bákan náà, tirẹ̀ tilẹ̀ burú ju tiwa lọ.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni eléyìí ní. Ìbátan aláǹtakùn àti eégbọn ni, ó sì ń ta òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ewé. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Abẹ́ ewé ló ń gbé, omi ara ewé ló ń fà mu. Bí ooru bá mú tí òjò kò sì rọ̀, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin rẹ̀ ti di àgbà tí yóò tún yé ẹyin tirẹ̀. Eruku orí ewé tún máa ń ràn án lọ́wọ́, eruku kò sì wọ́n wa ní Àbújá yìí. Àwọn ará Japan tí wọ́n ń gbin igi júnípà sínú ìkòkò, tí wọ́n ń rẹ́ ẹ kí ó má baà ga, ìdílé kòkòrò yìí náà ni wọ́n ń bá fà á. Ṣé aládùúgbò Gbagyi ló lọ wo tiwọn náà ni?

Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ìbátan rẹ̀ mìíràn. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni èyí tí ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ ti wá. Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1971, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ IITA, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Ìbàdàn, kò gbára lé oògùn fínfín. Wọ́n wá kòkòrò mìíràn tí ń pa á jẹ láti Brazil, wọ́n tú u sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin ní 1993, ó sì tàn ká. Ewédú wa náà ní irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀, a kàn kì í rí wọn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá nìyí. Ọmọ ìyá yìí ti fín ọ̀tápíápíá sí ewédú náà, ìyá sì ń múra láti já a lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì. A ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Oògùn aáyán, ṣé òun ni a ó wá fi gbé òkèlè? Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos nínú ìgò kékeré, síbẹ̀ a ṣì ń rí i níbi tí wọ́n ti ń tajà lójú títì. Kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Yóò pa àwọn ọdẹ, ẹyin abẹ́ ewé yóò ṣẹ́ kù, kòkòrò yòókù yóò sì di ẹni tí oògùn kò ràn mọ́.

Omi ni kí ẹ fi jà. Ní àárọ̀, ẹ gbé ewé sókè, kí ẹ da omi lù ú lábẹ́ dáadáa. Ẹ máa ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ẹyin tuntun á ṣì máa pa. A mọ̀ pé omi alágbàrù wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣàn sílẹ̀ kò ṣòfò, gbòǹgbò á mu ún. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ gún èso dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wọ́n ọn sábẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ó korò, nítorí náà ẹ fọ ewé dáadáa kí ẹ tó sè é. Èyí tó bá ti bàjẹ́ jù, ẹ fà á tu, kí ẹ sun ún. Ẹ má jù ú sí ẹ̀bá oko ẹlòmíràn.

Ìyá náà ti lọ bẹ obìnrin Gbagyi, ó sì bá a fọ ilá rẹ̀. Ewé tó ti ràwọ̀ kì í tutù padà, ọ̀mùnú tuntun ni àwọn méjèèjì ń retí. Àwa ń bẹ àwọn alága ẹgbẹ́ ìlú gbogbo àti àwọn ìyálọ́jà wa kí wọ́n kéde rẹ̀: ewédú tí a bá fín oògùn sí kò gbọdọ̀ dé ọjà. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ti fín in sọ fún wa kí ó tó já a. A kò ní bú u.