Ta Ló Ń Pín Iṣu Camaçari?

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọmọ dúdú Bahia, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè bá fẹ́ wọ Camaçari, ohun kan náà ni àwọn aláṣẹ ń wí: iṣẹ́ dé, ìyà parí. Ìjọba dín owó orí kù fún Ford kí ó lè wá. Ó sì ṣí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní 2001. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, ó kéde pé òun ń ti ilẹ̀kùn. Àpò gbogbo wa ni owó orí yẹn ti dín. Ta ló jẹ èrè rẹ̀?

Owó òkèèrè kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Ó ń wá ẹnjiníà àti ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń san owó gidi fún wọn nítorí wọn kò pọ̀. Ẹni tí ń gbálẹ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tí ń se oúnjẹ, ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ni orúkọ wọn sábà máa ń wà, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń gbà. Ọgbà kan náà, owó oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ta ni kò rí ilé-ẹ̀kọ́ gidi lọ? Àwa náà ni. Ní 2022, IBGE ṣírò pé òṣìṣẹ́ funfun ní Brasil ń gba 3,273 reais lóṣù ní ìpíndọ́gba. Òṣìṣẹ́ dúdú àti pardo, 1,994. Bẹ́ẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Bahia, àwa tó ọgọ́rin.

BYD ló gba ilẹ̀ Ford. Ní oṣù Kejìlá 2024, àwọn olùṣàyẹ̀wò ìjọba bá òṣìṣẹ́ ọmọ Ṣáínà 163 níbi ìkọ́lé náà, nínú ipò tí wọ́n ní ó jọ ti ẹrú. Wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà ọ̀pọ̀ wọn. Agbaṣẹ́ṣe sẹ́, BYD sì já a sílẹ̀. Ní Bahia, níbi tí wọ́n ti ta àwọn baba ńlá wa!

Àwọn kan á ní iṣẹ́ kékeré sàn ju àìríṣẹ́ lọ. Òótọ́ ni. A kò ní kí ilé-iṣẹ́ má wá. Ohun tí a ń wí ni pé kí ìjọba má dín owó orí ẹnikẹ́ni kù mọ́, àfi tó bá fúnra rẹ̀ gba àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà rẹ̀, tó kọ́ ọmọ wa níṣẹ́ ẹ̀rọ, tó sì fi iye tí dúdú àti funfun ń gbà hàn ní gbangba.

Ẹni tó mú iṣu tó mú ọ̀bẹ ló ń pín in bó ṣe wù ú. Ilẹ̀ wa ni iṣu. Ẹ jẹ́ kí a di ọ̀bẹ mú! Àṣẹ.