Iṣan Wo Lẹ Ń Wí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa fẹ́ràn láti máa sọ, tí ó sì máa ń bí mi nínú. Wọn a ní èdè Yorùbá dára fún oríkì, ó dára fún ìjálá àti àlọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìmọ̀ ìṣègùn, kí á yáa sá tọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Èmi tí mo ń kọ́ iṣẹ́ náà kò gbà o. Kí ẹ má baà ní ẹnu lásán ni mo fi ń jà, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní ó le jù, kí á wò ó bóyá Yorùbá kò ní lè gbé e.

Egungun ẹ̀yìn kì í ṣe eegun kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké ni, tí a tò lé ara wọn, ihò sì là wọ́n já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú ihò yìí ni okùn kan gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọpọlọ. Ó rọ̀ bí mùdùnmúdùn, kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, gígùn rẹ̀ nínú àgbà ọkùnrin sì jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45. Okùn ẹ̀yìn ni n óò máa pè é. Méjìméjì ni iṣan ìmọ̀lára ń yà lára rẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ọ̀nà 31, wọ́n sì tàn ká apá, àyà àti ẹsẹ̀ bí gbòǹgbò ìrókò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò méjì níbi tí ó ti so mọ́ okùn náà: ti ẹ̀yìn ń gbé ìròyìn wọlé, ti iwájú ń gbé àṣẹ jáde. François Magendie ló fi èyí hàn kedere ní ilẹ̀ Faransé ní 1822.

Bí ọwọ́ bá kan ìkòkò gbígbóná ńkọ́? Ta ní ń sọ fún un pé kí ó fà sẹ́yìn? Ẹ ó ní ọpọlọ ni. Rárá o! Ìròyìn dé okùn ẹ̀yìn, okùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ dá àṣẹ padà, ọwọ́ ti kúrò kí orí tó gbọ́. Bí iná bá ń jó abúlé, baálẹ̀ kì í kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọba kí ó tó ní kí wọ́n bu omi; bí iná bá kú tán ni ìròyìn ń dé ààfin. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo wa: adìẹ tí a bẹ́ lórí ṣì ń gbọn ìyẹ́. Ní Scotland, Robert Whytt kọ ọ́ sínú ìwé ní 1751 pé àkèré tí kò lórí mọ́ ṣì ń fa ẹsẹ̀ bí a bá gún un, ṣùgbọ́n bí a bá ba okùn ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ó parí. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fi òòlù kékeré gbá wa lábẹ́ orúnkún. Bí ẹsẹ̀ bá ta, ó mọ̀ pé ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà wọlé àti èyí tí àṣẹ ń gbà jáde kò tíì já.

Mo ti sọ ọ́ tán. Ta ni kò yé? Bí ẹ bá yọ dókítà àti sẹ̀ǹtímítà kúrò, kí ni mo yá lọ́wọ́ òyìnbó?

Síbẹ̀ àbùkù kan wà, èdè kọ́ ló ni ín, àwa ni. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni à ń pè é. Èyí tí ó so ẹran mọ́ eegun, iṣan. Èyí tí ó yọ gàǹgà ní apá alágbára, iṣan. Èyí tí ń gbé ìròyìn, iṣan náà ni! Ẹrù mẹ́rin lórí ọmọ kan.

Ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní í dárúkọ, ọkùnrin kan já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé mọ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ṣì ń gbé díẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Màmá, iṣan ọrùn Bàbá ló níṣòro,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ta ni kò mọ oògùn iṣan? Àdí ni, àti wíwọ́. Ní òru ọjọ́ náà, àwọn ẹbí gbé Bàbá jókòó, wọ́n sì fi àdí wọ́ ọrùn rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apá náà kò gbé mọ́.

Wọ́n ní àìmọ̀wé ló fà á. Irọ́ ni! Obìnrin náà gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ ni kò sọ Yorùbá tó. Kí ni ì bá ná an láti wí pé: “Okùn kan wà nínú eegun ọrùn tí ń gbé àṣẹ lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Eegun tí ó yí i ká ti ṣẹ́. Bí ẹ bá gbé e dìde, eegun lè gé okùn náà. Ẹ má fọwọ́ kan ọrùn yẹn”? Gbólóhùn mẹ́rin péré!

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò ní kí á wá jókòó, kí á ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun rẹpẹtẹ tí ìyá ọlọ́jà kankan kò gbọ́ rí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí Àjàyí bá pọ̀ ní àdúgbò, a kì í lé Àjàyí jáde. Àjàyí onílù ni à ń pe ọ̀kan, Àjàyí àgbẹ̀ ni à ń pe èkejì. Ẹ jẹ́ kí á máa wí pé iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan eegun, iṣan ẹran, iṣan ìmọ̀lára, kí á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wa létí.

Ní 1970, Babs Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò gọ̀. Àwa àgbà ni a ń sá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ẹ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ yìí. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, ẹ tẹ̀ lé wa dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Kí dókítà kankan má tún wí pé “iṣan” kí ó sì dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, kí aláìsàn bi í pé: iṣan wo lẹ ń wí?